Aró Tí A Gbé Lọ Sí Pápá Ọkọ̀ Òfurufú

Ilé wíwó ni iṣẹ́ tí mo fi jẹun. Àwọn ẹlòmíràn ń kọ́ ilé, ọmọ wọn á sì nawọ́ sí i pé bàbá mi ló kọ́ èyí. Èmi kò ní ohun tí ọmọ mi lè nawọ́ sí. Koríko ló hù sí ibi tí mo ti ṣe iṣẹ́ tó dára jù láyé mi, ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí kò lè mọ̀ pé ènìyàn kan ṣe làálàá níbẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Bí ẹni tó ń wó ilé bá fi àmì sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò pé.

Ìyàwó mi, Àṣàkẹ́, máa ń sọ fún mi pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń dáhùn pé ó di ọ̀la. Ó ti lọ báyìí. Ó dàgbà, ó sùn, kò jí, n kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wo iṣẹ́ ọ̀tún, tó ń wo iṣẹ́ òsì, tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ ó mú, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, mo ka ìwé mẹ́fà tán ní Iléṣà. Bàbá mi tó ń ṣe oko kòkó fẹ́ kí n di akọ̀wé. Kò sí àyè akọ̀wé, àyè wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ògúndélé. Mo lọ.

Ọmọ Iléṣà pọ́ńbélé ni Ọ̀gá. Ulé ló ń pe ilé, ugi ló ń pe igi, kò sì yí i padà níwájú ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ òyìnbó. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í yára, kì í pariwo. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ ká máa bẹ̀rù rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòlù. Ó kàn máa ń mú mi dúró síwájú ilé tí a fẹ́ wó.

"Káyọ̀dé, kí lo rí?"

"Ilé ni mo rí, sà."

"Afọ́jú náà mọ̀ pé ulé ni. Kí ló gbé òrùlé yẹn dúró?"

"Ògiri ni, sà."

"Ògiri wo?"

Mo ń wo ògiri kan bọ́ sí òmíràn.

"Jókòó síbẹ̀ kí o máa wò ó. Ìgbà tí o bá mọ̀ ọ́n lo máa jẹun."

Mo jókòó sínú oòrùn. Àwọn ọmọṣẹ́ yòókù jẹ ẹ̀bà tiwọn tán, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá ni ojú mi là. Kì í ṣe ògiri kankan ló gbé òrùlé yẹn. Òpó kan ni, láàárín ilé, tí wọ́n fi pákó bò. Bí a bá ti òde bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan sì gé òpó yẹn láìmọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ìbá wó lù wá. Nígbà tí mo sọ ọ́, Ọ̀gá kàn mi orí. "Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ kẹ́yìn la máa kọ́kọ́ sọ̀. Ẹni tó wó ulé láìmọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ulé ló máa wó o." Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè wọ ilé kankan láìwo òkè. Àṣàkẹ́ máa ń bínú sí i. Ó ní n kì í kí onílé kí n tó kí àjà rẹ̀.

Obì ni ẹ̀kọ́ kejì. Ìjẹ̀ṣà ni wá, obì kò wọ́n lọ́dọ̀ wa. A ń tú ìlẹ̀kùn ilé ìtajà àtijọ́ kan, ọ̀dà ara rẹ̀ ń bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Mo ya obì kan, mo fẹ́ jù ú sẹ́nu. Ọ̀gá gbá ọwọ́ mi, obì fò lọ.

"Ṣé ìwọ àti ọ̀dà lẹ fẹ́ jọ pín in ni?"

Ó wá kó gbogbo wa jọ, ó sọ fún wa. Ó ní ọ̀dà àwọn ayé àtijọ́, òjé ni wọ́n ń lọ̀ sínú rẹ̀, kó lè dì mọ́ igi àti irin, kí òjò má lè bó o. Bó bá wà lára ògiri jẹ́ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbà tí a bá fọ́ ọ di ekuru, tàbí tí a sun ún níná, ni òjé yóò wọnú ara ènìyàn, bó bá sì wọlé kì í fẹ́ jáde. Ọ̀gá ti kun afárá rélùwéè nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀gá tirẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin alágbára, ọwọ́ rẹ̀ rọ láti ọrùn-ọwọ́ títí kò fi lè gbé ife omi. Inú ń run ún, etí eyín rẹ̀ sì dúdú bí ìgbà tí wọ́n fa òwú aró yí i ká. Ọ̀gá gbé ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sókè, ó jẹ́ kí wọ́n rọ̀ dirodiro. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí iṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú dé, lẹ́bàá Òṣogbo, mo ti di ẹni tí Ọ̀gá ń fi òòlù lé lọ́wọ́. Ìgbà ogun àgbáyé kejì ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀: àwọn ilé pákó tí wọ́n kun ní funfun lórí pupa, ilé ńlá onírin tí ọkọ̀ òfurufú ń wọ̀ sí, àti ilé ìṣọ́ omi kan, àgbá ńlá lórí òpó irin, tó ga ju ọ̀pẹ lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pupa fòò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ inú ilé onírin yẹn, mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́, òrùlé sì sọ ọ́ padà fún mi bí ẹni pé àgbà kan ń sín mi jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ òfurufú kan balẹ̀ nígbà tí a wà lórí àkàbà. Iná kò jó, ilẹ̀ kò ya, nǹkan tó wúwo tó báyẹn kàn sọ̀kalẹ̀ bí ẹyẹ lékeléke. Ọ̀gá ṣí fìlà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rọ rẹ̀ fi kú, lẹ́yìn náà ló wò wá. "Ẹ wá máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣe ìyẹn kò gbàgbé ìṣó kan ṣoṣo."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A kò há ọ̀dà ní gbígbẹ láéláé. Omi la kọ́kọ́ ń wọ́n sí i, kí ekuru má baà gbéra. A tẹ́ tapólì, aṣọ líle tí omi kì í gbà kọjá, sílẹ̀ yí ilé ká láti gba èyí tó bá bọ́, a sì fi aṣọ tútù di imú àti ẹnu. Ẹ̀yìn afẹ́fẹ́ la ń dúró sí, kó máa gbé ekuru lọ níwájú wa. Oríkèé la ti ń tú pákó, a kì í fọ́ ọ, a kì í dáná sun ún. Gbogbo ohun tó bá ní ọ̀dà, inú ihò jíjìn kan ló ń lọ, èyí tí a gbẹ́ sórí ilẹ̀ gíga tó jìnnà sí odò, tí a fi amọ̀ rẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni rẹ́ ilé. Aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dé ilé. A ń bọ́ ọ síbẹ̀, a ń wẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá yóò gbọ́ òórùn ọṣẹ lọ́wọ́ wa kó tó jẹ́ ká lọ.

Ìyẹn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn obìnrin Òṣogbo.

Ìlú aró ni Òṣogbo. Aró kò sì ṣe é ṣe láìsí eérú. Àwọn aláró máa ń sun igi nínú ààrò ńlá títí yóò fi di eérú, wọ́n á kó o sínú ìkòkò tó nihò nídìí, wọ́n á bu omi sí i, omi náà á máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yẹn ni wọ́n ń rẹ èlú, ewé aró, sí. Kò sí ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀ ju ahọ́n lọ. Wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á tọ́ ọ wò, ahọ́n yóò sì sọ bó bá ti mú tó. Àṣà wa sì ni pé bí ilé bá wó, igi rẹ̀ di ti ààrò àwọn ìyá àdúgbò. A kì í fi igi ìdáná du obìnrin.

Nítorí náà, wọ́n wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ bùn wá nígi."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá. Kò súgi níbí."

"Kò sígi? Òkìtì tó ga tó òkè yìí ńkọ́, ṣé iyán ni?"

"Ugi tó bá ti ní ọ̀dà kì í ṣe ugi mọ́. Ó léwu."

"Ẹ gbọ́ ugi!" Ẹ̀rín sọ. "Ẹ ò mọ̀ pé Òṣómàáló ni? Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ, kó tó wá lóṣòó síwájú ilé wa, kó ní ká san owó igi tí kò tíì fún wa!"

Bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn nìyẹn, àwọn tó máa ń lóṣòó síwájú ilé ajigbèsè títí yóò fi san. Ọ̀gá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ń wo ilẹ̀, nítorí ẹni tó ń pariwo jù nínú wọn, ìyá ìyàwó mi ni.

N kò tíì pẹ́ tí mo fẹ́ Àṣàkẹ́. Ọmọ Òkè Baálẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ sì ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Aláró. Àṣàkẹ́ ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́, gbogbo agbo aláró àdúgbò sì gbà pé kò sí ahọ́n tó dà bí tirẹ̀. Àwọn obìnrin tó tó bí i lọ́mọ á gbé omi eérú wá, wọ́n á dúró, òun á tọ́ ọ wò, á ní, "Ẹ fi kún un," tàbí, "Ẹ fi sílẹ̀, ó ti tó." Ó ti lóyún àkọ́kọ́ wa nígbà náà. Ó ní oyún náà tún jẹ́ kí ahọ́n òun já fáfá sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá obìnrin kú ní Iléṣà, ó lọ sin ín. Èmi wà ní Ẹ̀sà-Òkè níbi tó ti kọ́kọ́ rán mi sí láti sọ òrùlé ilé àtijọ́ kan kalẹ̀. Rájí, ọmọṣẹ́ àgbà, ló kù tó ń bójú tó pápá. Ènìyàn dáadáa ni Rájí, kò burú. Àwọn ìyá tún wá, ọ̀kan tó ti darúgbó nínú wọn sì kúnlẹ̀ fún un.

"Wàláhì, ó kúnlẹ̀!" Bó ṣe sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà nìyẹn. "Ta ni mo jẹ́, tí ìyá tó ju ìyá mi lọ yóò kúnlẹ̀ fún, tí n ó ní rárá? Mo sì ṣèbí omi tí à ń wọ́n sí i ti fọ ọ̀dà náà dànù."

Wọ́n kó pákó náà lọ pẹ̀lú orin.

Nígbà tí mo dé láti Ẹ̀sà-Òkè, Àṣàkẹ́ wà lórí ẹní nílé ìyá rẹ̀. Inú ń lọ́ ọ pọ̀, ó ń bì, ojú rẹ̀ funfun. Ìyá rẹ̀ ní oyún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti se àgbo fún un. Mo jókòó tì í, ó rọra sọ fún mi pé, "Omi eérú tuntun yẹn yàtọ̀. Ó mú, àmọ́ ó tún dùn díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Àwọn ìyá ní kí n tún un tọ́ wò, mo tún un tọ́ wò." Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi.

Ọ̀gá dé láti ibi òkú, ó sì yà láti kí wa. Ó gbọ́ ìró èébì láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní ká gbé e wá sí ibi ìmọ́lẹ̀.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbé ètè rẹ sókè díẹ̀."

Àṣàkẹ́ gbé e sókè. Mo rí i. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, dúdú bí aró, wà ní etí eyín rẹ̀, níbi tí eyín ti wọnú ẹran.

"Aró ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé aláró ni wá ni?"

"Aró kì í wọ ibẹ̀ yẹn, ìyá. Ugi wo lẹ sun?"

Ọ̀gá rìn lọ sídìí ààrò, ó tẹ̀ ba, ó fa kùkùté pákó kan jáde tí iná kò tíì jó tán. Ọ̀dà funfun ṣì wà lára rẹ̀, ó ti wú bí awọ tí omi gbígbóná bó. Ó gbé e síwájú Ìyá Aláró.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Ọ̀gá ṣàlàyé fún dókítà òyìnbó ibẹ̀, dókítà náà sì gbọ́ ọ yé, ó ní òjé ló ń dùn lẹ́yìn ahọ́n bẹ́ẹ̀, òun sì ti rí irú rẹ̀ rí lára àwọn akunlé ní ìlú òun. Àwọn méjèèjì dúró sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà bí àwọn tó jọ mọ ọ̀tá kan náà. Lẹ́yìn náà ni dókítà yíjú sí mi. "Ìyá náà, ó ṣeé ṣe ká rí i gbà. Ọmọ inú rẹ̀, n kò lè ṣèlérí."

Mo fẹ́ jókòó. Ọ̀gá di apá mi mú. "Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi àti ìwọ ń padà sí Òṣogbo. Ẹlòmíràn ń tọ́ aró yẹn wò bí a ti dúró yìí."

Ìyá Aláró gbọ́ ọ. Ó dìde, ó gbé gèlè rẹ̀. "Èmi náà ń lọ. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Iléṣà níbí á dúró tì í."

Ní Òkè Baálẹ̀, Ọ̀gá ní kí wọ́n pe gbogbo àwọn aláró tó pín nínú igi náà. Ó sọ ohun tó wà nínú ọ̀dà fún wọn. Ó ní kí wọ́n kó eérú, omi eérú, àti gbogbo aró tí wọ́n fi pò jáde, kí òun lè sin ín, kí wọ́n má fi pa aṣọ láró mọ́.

Ariwo ta. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ aró, ẹ kò lè mọ ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Aró tó ti jí nínú ìkòkò, bí ọmọ ni. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọn kì í da ààyè aró nù.

"Bàbá Ìjẹ̀ṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí ebi pa wá ni? Ẹ kọ́kọ́ fi igi dù wá, ẹ tún fẹ́ gba aró!"

"Inú rírun, ta ni inú kì í run?"

Ọ̀gá ṣí fìlà rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú ẹrọ̀fọ̀ aró, níwájú àwọn obìnrin tó jẹ́ pé òun dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ọkùnrin tí n kò gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ pè mí ní Òṣómàáló. Òun náà ni mí. Ìjẹ̀ṣà kì í dìde títí a ó fi fún un lóhun tó wá gbà. Aró yẹn ni mo wá gbà."

Mo rò pé a ó wà níbẹ̀ di ọ̀la. Ìyá Aláró ló ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó lọ sídìí ìkòkò rẹ̀ tó tóbi jù, ó wo inú rẹ̀.

"Ọmọ mi tó ń tọ́ ọ wò wà lórí bẹ́ẹ̀dì," ló wí. "Ta ni mo tún ń po aró yìí fún?"

Ó ti í, ó fẹ́ dà á sí ojú àgbàrá. Ọ̀gá fò dìde. "Rárá, ìyá! Odò ni àgbàrá ń lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé aró lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dìde lẹ́yìn Ìyá Aláró. Wọ́n bù ú sínú ìkòkò kéékèèké, wọ́n gbé e rù. Rájí gbé eérú, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọ̀gá gbé ìkòkò tirẹ̀ sórí, ohun tí ọkùnrin kì í ṣe, aró sì ń kán sí i léjìká. Ọ̀nà náà jìn. Àwọn obìnrin aláwọ̀ aró títí dé ìgbọ̀nwọ́ tò lọ gbọọrọ lójú ọ̀nà, àwọn èrò ń dúró, wọ́n ń béèrè ẹni tó kú. Obìnrin kan ní àárín wọn pariwo pé, "Òṣómàáló, ẹ yáa yára o, ọrùn ń dùn wá!" gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń sunkún, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Wọ́n yí ihò náà ká, wọ́n dà á síbẹ̀. Mo ti rí ilé onírin wó, mo ti rí ọkọ̀ òfurufú balẹ̀. N kò rí ohun tó tóbi tó ìyẹn láyé mi.

Nígbà tí mo padà dé Iléṣà, oyún náà ti bàjẹ́. Àṣàkẹ́ wò mí.

"Ṣé wọ́n dà á?"

"Wọ́n dà á. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀."

Ó mi orí, ó yíjú sí ògiri. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò sọ ju ìyẹn lọ lórí rẹ̀.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn nawọ́ sí ilé ìṣọ́ omi tó ṣì dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. "Ó máa wó lọ́jọ́ kan. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ rẹ, ọwọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó wà lára rẹ̀ ni." Mo dúró. A sọ ọ́ kalẹ̀ láti òkè, ní gígé-gígé, pẹ̀lú okùn, láìjẹ́ kí ekuru pupa kan bọ́ síta tapólì. Rájí kò tún fún ẹnikẹ́ni ní pákó mọ́ láyé rẹ̀. Ó wá le ju Ọ̀gá lọ.

Irin iṣẹ́ ti yí padà lẹ́yìn náà. Iná gáàsì dé, tó ń gé irin bí ọ̀bẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òun ló tún léwu jù, nítorí iná ń sọ òjé di èéfín. A ní láti kọ́kọ́ fi omi há ọ̀dà kúrò lójú ibi tí iná yóò gbà. Katapílà dé, ó ń fi wákàtí kan ṣe ohun tí à ń fi oṣù ṣe, àwọn ọ̀dọ́ sì rò pé kò sí ohun tó kù láti mọ̀. Ìbòmú gidi dé, tí a kò tún fi aṣọ di imú mọ́. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó ń lọ sí ojúlé àwọn ará àdúgbò lọ sọ fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àṣàkẹ́ ló ń ṣe ìyẹn. Ibikíbi tí mo bá ti fẹ́ wó ilé, yóò ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, yóò jókòó ti àwọn ìyá, yóò sì sọ ti ara rẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó tún pè wá ní ahun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú iṣẹ́ tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí iṣẹ́ yín ń gbé wọ ilé onílé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ara Àṣàkẹ́ yá, ó padà sí agbo aró ìyá rẹ̀. Èmi ni mo lọ gé igi fún wọn nínú igbó, igi tútù tí ọ̀dà kò kàn rí. Wọ́n sun ún, omi eérú ń kán. Nígbà tó tó àkókò, àwọn ìyá gbé e wá, wọ́n sì dúró, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó tọ́ ọ wò. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ láti ṣe é fúnra rẹ̀. Àṣàkẹ́ dá a dúró. Ó wò mí.

"Ta ló gé igi yìí?"

"Èmi ni."

Ó ti ìka bọ ìkòkò, ó fi kan ahọ́n, ó pa ojú dé.

"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Ẹ fi eérú kún un."